Ladánì Tí Kò Gbọdọ̀ Gbààwẹ̀

Ìgò mínírà kan ni Láyí gbé sí ọkọ mi lẹ́nu lọ́jọ́ náà, mo sì fi ọwọ́ ara mi gbá a dànù. Ó dà sórí yẹ̀pẹ̀, yẹ̀pẹ̀ fà á mu. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí káàkiri Abà Làpó máa ń fo ibẹ̀ nítorí ojú mi. Kí wọ́n má fò ó mọ́. Èmi ni mo gbá a dànù, mo sì mọ ohun tó mú mi ṣe é.

Sàníù lorúkọ ọkọ mi. Ladánì mọ́sálásí wa ni wọ́n. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí wọ́n ti ń pe abà yìí sírun. Ẹ̀gẹ́ la ń gbìn. Wọ́n á wú u, èmi á fi ṣe gàrí, màá gbé gàrí lọ sí ọjà Ṣáṣá. Mahfuz, àkọ́bí wa, ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, orúkọ rẹ̀ la sì fi ń pè wá: Bàbá Mahfuz, Ìyá Mahfuz.

Nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ààwẹ̀ tó dé ni Bàbá Mahfuz bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ẹni tí iná ń jó nínú. Wọ́n á mu ún, wọ́n á tọ̀ ọ́, wọ́n á tún mu ún. Wọ́n rù débi pé fìlà ń yẹ̀ lórí wọn. Ọkọ́ ṣá wọn ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì lóko, ojú egbò náà kọ̀, kò jiná. Ìgbà tí mo rí èèrà tó tò lọ síbi tí wọ́n ń tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé ni mo sọ fún wọn pé a ń lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n tẹ̀lé mi. Ó ti rẹ̀ wọ́n láti bá mi jiyàn.

Nọ́ọ̀sì Morónikẹ́ la bá níbẹ̀. Òun nìkan ni nọ́ọ̀sì tó wà fún abà mẹ́fà. Ìbàdàn ló ń gbé. Láràárọ̀ ni ọ̀kadà máa ń gbé e dé pẹ̀lú eruku lójú. Ọmọlúwàbí ni. Kì í jágbe mọ́ aláìsàn, kì í sì í gba owó ẹ̀yìn. Mo sọ ọ́ kí ẹ má bàa rò pé ènìyàn burúkú ló kó bá wa. Ènìyàn rere ló kó bá wa.

Ó gún Bàbá Mahfuz níka, ó fi ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀rọ kékeré kan, ó wo nọ́ńbà tó jáde, ó ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Ohun àkọ́kọ́ tí ọkọ mi sọ ni pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kó jáde níbí o."

"Kò ní jáde, Bàbá. Àṣírí yín ni."

Ó wá fún wa ní bébà kan tí wọ́n ya oúnjẹ sí. Búrẹ́dì aláwọ̀ ilẹ̀ wà níbẹ̀, ewé tútù nínú àwo, èso pupa kan tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn Háúsá ní Ṣáṣá àmọ́ tí a kì í rà, àti òyìnbó obìnrin kan tó ń sáré tó ń rẹ́rìn-ín. Mo wá ẹ̀gẹ́ nínú bébà náà títí, n ò rí i. Àwa tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ là ń jẹ, ẹ̀gẹ́ là ń tà, ẹ̀gẹ́ la fi rán ọmọ níléèwé.

"Oògùn yìí," Nọ́ọ̀sì ní, "ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹ̀bà, àmàlà, fùfú, ẹ dín in kù. Ṣúgà, oyin, mínírà, kò gbọdọ̀ kan ẹnu yín mọ́. Májèlé ni." Ó yíjú sí mi. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ń se oúnjẹ. Ọwọ́ yín lẹ̀mí wọn wà. Ṣé ó yé yín?"

A ní ó yé wa.

Ẹni tó fi ọ̀wọ̀ bá ẹni sọ̀rọ̀ tó báyẹn, tó sì sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, báwo la ṣe fẹ́ sọ fún un pé kò yé wa? Ìwà wa nìyẹn. Àgbà tó bá sọ pé kò yé òun, ó ti bu ẹni tó ṣàlàyé kù. Nítorí náà a ní ó yé wa, a dúpẹ́, a sì jáde. Kò ní kí Bàbá Mahfuz bọ́ bàtà, àwọn náà ò sì bọ́ ọ. Kò béèrè nípa ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ku ọjọ́ mẹ́wàá péré kí oṣù lé, tẹ̀sùbáà sì wà lọ́wọ́ tí ó gún gan-an. Ó ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù kan.

Bí a ṣe délé ni mo kó ṣúgà inú ilé jáde. Mo gbé oyin fún ẹlẹ́gbẹ́ mi kan, mo ní kò wù mí mọ́. Ọmọ ọmọ wa wá lópin ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú súìtì lẹ́nu, mo lé e jáde sí gbàgede bí ẹni lé ewúrẹ́. Tí wọ́n bá ní kí n ṣọ́ nǹkan, mo máa ń ṣọ́ ọ.

Nígbà tí ààwẹ̀ dé, Bàbá Mahfuz ló ro ọ̀rọ̀ oògùn fúnra wọn. "Nọ́ọ̀sì ní méjì lójúmọ́," wọ́n ní. "Ọ̀sán ò sí fún mi mọ́ báyìí. Tí mo bá lo méjèèjì pa pọ̀ ní sààrì, wọ́n á máa ṣọ́ mi títí oòrùn á fi wọ̀."

Ó dùn létí. Ó bọ́gbọ́n mu bí ọ̀rọ̀ wáàsí. Mo gbà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fura sí ohunkóhun tó bá dùn létí jù.

Ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Wọ́n ní òòyì ń kọ́ àwọn díẹ̀ lọ́sàn-án, mo ní ta ni òòyì kì í kọ́ nínú ààwẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlá, a wà lóko, à ń wú ẹ̀gẹ́. Oòrùn ti kan àtàrí. Mo gbójú sókè, mo rí Bàbá Mahfuz tí wọ́n di igi ẹ̀gẹ́ kan mú tí wọn ò fà á. Òógùn bò wọ́n bí ẹni tó bọ́ sódò. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Mo pè wọ́n, wọ́n wò mí, wọ́n fi orúkọ ìyá wọn tó ti kú pè mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú Lèmọ́mù, pé olè ni, pé ó jí ẹní mọ́sálásí. Ẹnu tí ẹ ò lè bá èébú níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Wọ́n wá jókòó lórí òkìtì ẹ̀gẹ́ gbẹ̀ẹ́.

Láyí, ọlọ́kadà tó máa ń gbé ẹ̀gẹ́ wa, ló dé bá wa báyẹn. Láyí kì í gbààwẹ̀, kì í sì í purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń gbà á.

"Ìyá Mahfuz, ṣé kì í ṣe pé Bàbá fẹnu kan ẹmu?"

"Láyí, má fi wọ́n ṣeré."

Ó sún mọ́ wọn, ó fọwọ́ kan ọrùn wọn, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ṣé wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni?"

Mi ò dá a lóhùn. Àṣírí ọkọ mi ni.

"Ìyá tó bí mi lọ́mọ ní in, báyìí gan-an ló máa ń ṣe wọ́n," Láyí ní. "Ṣúgà ara wọn ti lọ sílẹ̀ jù nìyẹn. Nǹkan dídùn ni wọ́n nílò." Ó sáré síbi ọ̀kadà rẹ̀, ó mú ìgò mínírà tó ń mu bọ̀, ó gbé orí Bàbá Mahfuz sókè, ó gbé ìgò náà sí wọn lẹ́nu.

Ibẹ̀ ni mo ti gbá a.

"Ṣé o fẹ́ pa wọ́n ni? Nọ́ọ̀sì ní májèlé ni. Wọ́n sì ń gbààwẹ̀."

"Ìyá," ó ní, "òkú kì í gbààwẹ̀."

"Gbé wa lọ sílé ìwòsàn."

Kò bá mi jà. A gbé wọn sáàárín, èmi lẹ́yìn, mo fi ìró mi so wọ́n mọ́ra. Ọ̀nà náà gùn ju bó ṣe máa ń rí lọ. Nígbà tí a fi máa dé, wọ́n ti ń hanrun, eyín wọn ti di pinpin, itọ́ ń ṣàn sí mi lápá.

Nọ́ọ̀sì gún wọn níka. Ó wo ẹ̀rọ, ó tún un gún. Ó ní "Ọlọ́run mi" jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sáré wọnú yàrá oògùn, ó fa omi kan sínú abẹ́rẹ́ ńlá, ó gún un sí iṣan ọwọ́ wọn, ó ń tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, mi ò kà ju ogún mímí lọ. Bàbá Mahfuz lajú. Wọ́n wo òrùlé, wọ́n wò mí, wọ́n dá mi mọ̀.

"Ṣé oòrùn ti wọ̀ ni?"

"Rárá, Bàbá," Nọ́ọ̀sì ní.

"Kí lẹ fi sí mi lára?"

"Ṣúgà ni."

Wọ́n dijú padà. Omi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú wọn. Èmi náà ń wo abẹ́rẹ́ tó ṣófo lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn. Ohun tó ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kó kan ẹnu wọn, ó ti fi kún inú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì jí.

Ó ní oògùn tó wà lára wọn ṣì lè fà á wálẹ̀ padà. Ó fẹ́ ká gbé wọn lọ sí Ìbàdàn, wọ́n kọ̀. Ó wá ní kí wọ́n mu ògì, kí wọ́n má kúrò níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n mu ògì náà pẹ̀lú omijé, wọ́n kọjú sógiri. Lẹ́yìn ìyẹn ni Nọ́ọ̀sì pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Láyí sì jókòó síbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò fún wọn ní nǹkan dídùn? Ó kù díẹ̀, wọn ì bá ti lọ."

"Ìwọ lo ní májèlé ni." Ó bọ́ lẹ́nu mi bẹ́ẹ̀, láìpè é ní ẹ̀yin.

"Mo ní tó bá ga."

"O ò ní tó bá ga. O ní kò gbọdọ̀ kan ẹnu wọn mọ́. O wò mí lójú, o ní ọwọ́ mi lẹ̀mí wọn wà. O ò sọ pé ó lè lọ sílẹ̀. O ò sọ bó ṣe máa ń rí tó bá lọ sílẹ̀. Láyí tó ń gun ọ̀kadà ló mọ̀ ọ́n."

Láyí wo ilẹ̀.

"Ẹ ò sọ fún mi pé wọ́n ń gbààwẹ̀," Nọ́ọ̀sì ní.

"O ò béèrè. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ tí o gún."

Ó jókòó ti Láyí. "Mi ò béèrè," ó ní. "Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ló wà lórí mi. Mi ò wo ẹni tó wà níwájú mi." Ó fẹ́ máa sunkún. Mo ní kó má sunkún, ọkọ mi ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe tiẹ̀.

A délé nírọ̀lẹ́. Nígbà tí Bàbá Mahfuz kírun tán, wọ́n sọ ìpinnu wọn. "Mo máa gbààwẹ̀ mi parí. Oògùn yẹn ló gbé mi ṣubú. Oògùn ni mo máa fi sílẹ̀."

Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ìṣirò yẹn. Tí wọ́n bá ń lo oògùn, tí wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n á tún ṣubú. Tí wọ́n bá ń gbààwẹ̀ láìlo oògùn, ṣúgà á máa gùn, ìtọ̀ á máa pọ̀, egbò ẹsẹ̀ á máa jẹra. Ọ̀nà kan ló kù, ọ̀nà náà ni wọn ò sì fẹ́ gbọ́.

Ọjọ́ Sátidé, tí kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀, Nọ́ọ̀sì Morónikẹ́ wá sí abà. Kò wọ aṣọ funfun, kò sì mú bébà kankan. Ó bá mi nídìí agbada tí mo ti ń yan gàrí, ó fa àpótí kan, ó jókòó sínú èéfín.

"Ìyá, mo wá bẹ̀ yín. Ẹ sọ ọjọ́ kan nínú ààwẹ̀ fún mi, látìgbà tí ẹ bá jí títí ẹ fi máa sùn. Ohun tí ẹ bá jẹ, iye tí ẹ bá jẹ, ìgbà tí Bàbá bá lọ sóko. Mi ò ní dá sí i."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti ògì àti àkàrà ìṣínu, mo sọ ti ẹ̀bà sààrì tí a máa ń jẹ kó di ọkàn mú. Ẹ̀ẹ̀kan ló já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Oògùn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Kó lè ṣọ́ wọn dọ́sàn-án."

Ó fọwọ́ bo ojú. Ó ní kí n bu ẹ̀bà tí wọ́n máa ń jẹ sínú àwo kí òun rí i. Mo bù ú. Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kí n dín in kù tó ẹ̀ṣẹ́ Bàbá kan, kí n wá jẹ́ kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ jù ú lọ. "Kò sẹ́ni tó máa gba ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ yín," ó ní. Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi. Ó ṣe jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán ló sọ ọ́?

Bàbá Mahfuz wà lábẹ́ igi, wọ́n na ẹsẹ̀ sábẹ́ aṣọ. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn ò bínú sí i. Kí wọ́n bínú sí i ì bá sàn.

"Ọmọ mi, ẹ̀yin onígbàgbọ́ ò ní ààwẹ̀ bíi tiwa."

"A ní, Bàbá."

"Ẹ máa ń mu omi nínú tiyín."

"Àwọn kan ń mu ún," Nọ́ọ̀sì ní. Bàbá Mahfuz rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti rí i lójú wọn kẹ́yìn.

"Bàbá, tí Lèmọ́mù bá ní kí ẹ má gbà á ńkọ́?"

"Lèmọ́mù ti sọ ọ́. Wọ́n wá síbí lánàá. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí wọ́n kà fún mi, mo ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí Lèmọ́mù. Aláìsàn ò sí lára ẹni tí ààwẹ̀ kàn ní dandan."

"Kí ló wá kù?"

Nọ́ọ̀sì ò fi ọ̀rọ̀ kún un. Ó dúró. Ìyẹn ni mo fi gbà pé ó ti kọ́ nǹkan, torí tẹ́lẹ̀, kì í dúró. Á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.

"Ta ló ń jẹun ọ̀sán nínú ààwẹ̀ ní abà yìí?" Bàbá Mahfuz ní nígbà tó pẹ́. "Àwọn ọmọdé. Àwọn obìnrin tó wà nínú nǹkan oṣù. Láyí. Ṣé àwọn ni kí n lọ jókòó tì? Kí n jẹun tán, kí n nu ẹnu, kí n wá dúró pe ẹni tí ebi ń pa wá sírun? Lateef tó ń bá mi pe ìrun tí mi ò bá sí nílé ti ń dán ohùn wò látọjọ́ tí mo ti ṣubú. Ó ń dúró dè mí ni."

"Bàbá, ẹ máa wá jẹun lọ́dọ̀ mi. Yàrá kan wà lẹ́yìn ibi tí a ń kó oògùn sí. Mo máa ti ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Kí ladánì máa wọ yàrá obìnrin lọ lọ́sàn-án ààwẹ̀ lójoojúmọ́, kí obìnrin náà sì máa ti ilẹ̀kùn." Wọ́n mi orí. "Nọ́ọ̀sì, ṣé ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹlẹ́yà?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú bí inú mi ṣe bàjẹ́ tó. Nọ́ọ̀sì pàápàá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó dìde láìrí ohun tó ń wá.

Mo sìn ín dé ojú títì. "Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, Ìyá," ó ní. "Mo ṣèlérí fún wọn."

"Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí."

Ó dúró, ó wò mí. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ara wọn ni. Àwọn ló ni láti sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ tó sọ dáa. Ọ̀rọ̀ tó dáa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di opó lẹ́ẹ̀kan.

Mo fún Bàbá Mahfuz ní àyè. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn. Ọjọ́ kọkànlá di ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Tí oòrùn bá wọ̀, wọ́n á gbé kẹ́ẹ̀gì omi sẹ́nu, wọn ò ní sọ ọ́ kalẹ̀. Ojú wọn wọlé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi lọ́fínńdà ra aṣọ àti ẹsẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí mọ́sálásí, ènìyàn tí kì í lo lọ́fínńdà àfi lọ́jọ́ ọdún. Àárọ̀ ọjọ́ kẹrìndínlógún, wọ́n bọ́ bàtà fún àlùwàlá, mo sì gbọ́ òórùn náà kí n tó rí i. Àtàǹpàkò náà ti dúdú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní, "Bàbá Mahfuz, ẹsẹ̀ yìí." Wọ́n ní, "Ó máa lọ lẹ́yìn ọdún." Wọ́n wọ bàtà.

Nínú ààwẹ̀, lẹ́yìn ìrun àlásárì, Lèmọ́mù Jàmíù máa ń túmọ̀ Kùránì fún wa ní mọ́sálásí. Tó bá parí, ẹni tó bá ní ìbéèrè á béèrè. Obìnrin kì í dìde. A máa ń kọ tiwa sí bébà, tàbí ká fi rán ọmọdé lọ síwájú. Lọ́jọ́ yẹn, èmi dìde. Mo ká aṣọ tó pín wa níyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ohùn mi lè ríbi gbà.

"Alùfáà, ìbéèrè tèmi rèé. Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, tí wọ́n ní kó má gbààwẹ̀, tó ń gbà á kí àwọn èèyàn má bàa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá kú, ta ló pa á?"

Lèmọ́mù mọ ohùn mi. "Ìyá Mahfuz, ẹ jókòó. A máa sọ ọ́ nílé."

"Ilé la ti ń sọ ọ́ bọ̀. Ladánì yín ní ìtọ̀ ṣúgà. Ọjọ́ tí ẹ gbọ́ pé òòyì kọ́ wọn lóko, kì í ṣe òòyì, wọ́n ń kú lọ ni. Egbò wà lẹ́sẹ̀ wọn tó ti ń rùn. Lọ́fínńdà tí ẹ ń gbóòórùn rẹ̀ látìjẹta, òun ni wọ́n fi ń bò ó fún yín."

Iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lèmọ́mù, ni Bàbá Mahfuz jókòó sí. Ẹ̀yìn wọn ni mò ń wò. Wọn ò yíjú padà. Lateef fọwọ́ bo ẹnu. Bóyá ẹ̀rín ni, bóyá kì í ṣe ẹ̀rín.

"Obìnrin yìí ò nítìjú," ọkùnrin kan ní láti ẹ̀yìn.

"Mi ò ní," mo ní. "Ẹni tó bá ní in kó gbé tiẹ̀ wá, a máa fi sin wọ́n."

Lèmọ́mù gbé ọwọ́ sókè. Ọjọ́ orí wọn kéré sí ti ọkọ mi, nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Wọ́n wá ní, "Bàbá, mo ti sọ ọ́ fún yín ní kọ̀rọ̀, ẹ ò gbà. Mo ń sọ ọ́ níwájú jàmáà báyìí. Láti ọ̀la, ẹ má gbààwẹ̀. Ẹ máa bọ́ aláìní kan lójúmọ́ dípò rẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ máa máa pe ìrun. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ sí i, kó wá sọ ọ́ fún èmi."

A túká. Bàbá Mahfuz rìn délé níwájú mi, wọ́n ń tiro, wọn ò fi tìtiro náà pa mọ́ mọ́. Mo ń retí kí wọ́n bú mi. Mo ti múra èsì sílẹ̀. Wọn ò bú mi.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn gun, mo gbé oúnjẹ síwájú wọn nínú yàrá: ẹ̀bà tó ẹ̀ṣẹ́ wọn kan, ẹ̀fọ́, ẹja, oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife omi. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo lọ jókòó nídìí agbada tí kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo padà wọlé, àwo ti ṣófo. Mo wá oògùn náà lábẹ́ ẹní, mo wá a nídìí fèrèsé níta. Kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti lò ó.

Nọ́ọ̀sì wá ń wẹ egbò náà fún wọn nílé. Ó jágbe mọ́ mi, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i kó jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. "Ìyá, odidi ọ̀sẹ̀ kan, ẹyọ ènìyàn kan ò wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n rò pé èmi ni mo sọ ọ́ fún yín kí ẹ sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Ta ló tún máa fọkàn tán mi?" Òótọ́ ló sọ. Mi ò bá a jiyàn. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan láti abà kejì wá bá mi nídìí gàrí bí ẹni tó fẹ́ ra gàrí, ó ní ṣé lóòótọ́ ni pé èèrà máa ń tò sídìí ìtọ̀. Èmi ni mo mú un lọ. Nọ́ọ̀sì ò tíì gún un níka tó fi ní kó bọ́ bàtà, kó sì sọ ohun tó jẹ ní sààrì. Obìnrin náà wò mí bóyá kó sọ òótọ́. Mo ní kó sọ ọ́.

Ti àtàǹpàkò, Nọ́ọ̀sì ní òun ò tíì lè sọ bóyá wọn ò ní gé e. Ó ti kọ ìwé ká gbé wọn lọ sí Ìbàdàn lẹ́yìn ọdún, Mahfuz á wá gbé wa.

Wọ́n ń jẹun tí mo bá gbé kalẹ̀. Wọ́n ń lo oògùn. Aláìní tí a ń bọ́ ń wá lójoojúmọ́, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ń bá Láyí sọ̀rọ̀, wọ́n ń bá Nọ́ọ̀sì ṣàwàdà nípa ààwẹ̀ olómi. Èmi ni wọn ò bá sọ̀rọ̀. Ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí. Tí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á mi orí, wọ́n á gba ìta lọ. Wọ́n á dúró lẹ́nu mọ́sálásí, wọ́n á ki ìka bọ etí, ohùn wọn á sì jáde, ó mọ́ gaara bíi ti ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni mò ń gbọ́ ohùn ọkọ mi, bí gbogbo abà ṣe ń gbọ́ ọ.